John Snow, Dókítà Tí Ó Tọpasẹ̀ Àrùn Onígbáméjì

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Omi ni a fi ń se oúnjẹ, òun ni a fi ń fọ aṣọ, òun ni a fi ń wẹ̀, òun náà ni a ń mu nígbà tí òǹgbẹ bá ń gbẹ wá. Kò sí ẹni tí ó lè bá omi ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé omi tí ó mọ́ lójú lè ní ikú nínú? Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ dókítà pàápàá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ni ó fi ìbéèrè, ẹsẹ̀ rírìn àti ìṣirò wá ìdí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni John Snow. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1813 ni a bí John Snow ní ìlú York, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. William ni orúkọ baba rẹ̀, Frances sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí, John sì ni àkọ́bí. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ lébìrà ni baba rẹ̀ ń ṣe níbi tí wọ́n ń kó èédú sí. Ẹ̀bá odò ni àdúgbò wọn wà. Bí odò náà bá kún, a máa ya wọ àdúgbò.

Bí owó kò tilẹ̀ tó, àwọn òbí John rán an lọ sí ilé ìwé. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́, pàápàá jù lọ ìṣirò. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ dókítà kan ní ìlú Newcastle. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà a máa kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ télọ̀ ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún 1831, àrùn búburú kan dé agbègbè náà. Àrùn onígbáméjì ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà. Ẹni tí ó bá mú yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, yóò sì máa bì. Omi ara rẹ̀ yóò gbẹ, ojú rẹ̀ yóò sì jìn wọnú. Ẹni tí ó jí ní àárọ̀ pẹ̀lú ara líle lè di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọmọ ọdún 18 péré ni John nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ tọ́jú àwọn tí ń wa èédú ní Killingworth. Inú kòtò jíjìn lábẹ́ ilẹ̀ ni àwọn awakùsà ti máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò sí ilé ìyàgbẹ́ níbẹ̀, kò sì sí omi tí wọn yóò fi fọ ọwọ́. Ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, John kọ nípa ìgbésí ayé àwọn awakùsà yìí sínú ìwé rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí tí àrùn náà fi pa wọ́n púpọ̀.

Ó Di Dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọdún 1836, John pinnu láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín! Ó gba Liverpool àti ilẹ̀ Wales kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ó kàwé tọ̀sán-tòru. Ní ọdún 1838, ó yege nínú ìdánwò àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1844, ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Àdúgbò Soho, níbi tí ilé àwọn tálákà ti fún mọ́ra, ni ó ń gbé tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ní àkókò náà, bí dókítà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú aláìsàn yóò là sílẹ̀ tí wọn yóò fi máa gé e lára. Ẹ wo irú ìrora bẹ́ẹ̀! Nígbà tí wọ́n rí oògùn tí ń mú aláìsàn sùn, John Snow bẹ̀rẹ̀ sí wádìí rẹ̀ ní ọdún 1847. Ó wọn ìwọ̀n tí ó yẹ aláìsàn, kí oògùn náà má baà pa á. Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ní ọdún 1853, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria fẹ́ bí ọmọ rẹ̀, Leopold, John Snow ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti fún un ní oògùn tí ń jẹ́ chloroform, kí ìrora rẹ̀ lè dínkù. Wọ́n tún pè é ní ọdún 1857.

Ẹni tí ó ti tọ́jú ọbabìnrin lè jókòó sílé kí ó máa jẹ ìgbádùn ara rẹ̀. John Snow kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àrùn onígbáméjì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ṣé Afẹ́fẹ́ ni, Tàbí Omi?

Ní ọdún 1848, àrùn onígbáméjì tún wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin awakọ̀ ojú omi kan tí ó ti ìlú Hamburg dé wọ yàrá kan, ó sì kú síbẹ̀. Ẹlòmíràn gba yàrá náà lẹ́yìn rẹ̀, àrùn náà sì mú òun náà. Kí ọdún 1849 tó parí, ó ti pa ènìyàn tí ó lé ní 14,000 ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni ó fa àrùn yìí? Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n sọ pé òórùn burúkú láti ibi ẹ̀gbin ni ènìyàn ń fà símú tí ó fi ń ṣàìsàn. Lóòótọ́, Lọ́ńdọ̀nù ń rùn nígbà náà. Ẹ̀gbin àti ìgbẹ́ kún inú ihò ṣáláńgá lábẹ́ ilé, wọ́n sì ń ṣàn lọ sínú odò Thames.

John Snow kò gbà pẹ̀lú wọn. Ó ro ó báyìí: bí ó bá jẹ́ pé inú afẹ́fẹ́ ni àrùn náà wà, ẹ̀dọ̀fóró ni ìbá kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni a fi ń mí. Ṣùgbọ́n inú ni ó ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, ẹnu ni ó gbà wọlé. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ó ní ohun kan wà nínú ìgbẹ́ aláìsàn, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Bí ó bá bọ́ sínú omi tí ènìyàn ń mu, yóò ko àrùn ran ẹni tí ó mu ún. Ó kọ èyí sínú ìwé pẹlẹbẹ kan ní ọdún 1849. Ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí ó mú ẹ̀rí wá.

Ikú Wọ Broad Street

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1854, ikú já wọ òpópónà kan tí ń jẹ́ Broad Street ní Soho. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ènìyàn 127 ti kú ní òpópónà náà àti àyíká rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, òkú ti tó 500. Baba kú, ìyá kú, ọmọ kú nínú ilé kan náà. Àwọn tí ó lè sá ti kó ẹrù wọn, wọ́n sì sá lọ.

John Snow kò sá. Ó wọ àdúgbò náà lọ. Kànga kan wà ní Broad Street, tí wọ́n gbé pọ́ǹpù lé lórí. Bí ènìyàn bá di apá pọ́ǹpù náà mú, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò, omi yóò máa tú jáde. Àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn omi náà, nítorí pé ó tutù, ó sì dùn mu. John Snow fura sí omi yìí. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn òkú sílẹ̀, ó sì gba ìwé orúkọ ènìyàn 83 tí àrùn náà ti pa. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti ilé dé ilé. Ìbéèrè kan náà ni ó ń bi wọ́n: níbo ni ẹni tí ó kú ti ń mu omi?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó rí. Nínú àwọn 83 náà, 73 ń gbé nítòsí pọ́ǹpù Broad Street. Àwọn 10 yòókù ń gbé níbi tí pọ́ǹpù mìíràn ti sún mọ́ wọn jù. Kí ló wá pa wọ́n? John Snow tọ àwọn ẹbí wọn lọ. Àwọn ẹbí márùn-ún sọ fún un pé omi Broad Street ni àwọn máa ń rán ni lọ pọn, nítorí pé ó dùn ju ti tòsí lọ. Ẹni mẹ́ta mìíràn jẹ́ ọmọ ilé ìwé, bí ẹ̀yin náà. Ilé ìwé wọn wà nítòsí pọ́ǹpù náà.

Ó lọ sí àwọn ibi iṣẹ́ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Broad Street tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ìbọn. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 200 ni ó wà níbẹ̀. Àwọn olówó ilé iṣẹ́ náà máa ń pọn omi pọ́ǹpù sínú agbada ńlá méjì fún àwọn òṣìṣẹ́ láti mu. Àwọn 18 nínú wọn kú. Ní òpópónà kan náà, ilé ìpọntí kan wà tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 70. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí àrùn náà pa. Ọtí ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Ẹ má ṣe rò pé ọtí ni oògùn àrùn náà o! Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọn kò mu omi pọ́ǹpù Broad Street.

Ilé ńlá kan tún wà nítòsí, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú àwọn aláìní. Ènìyàn 535 ni ó wà nínú rẹ̀. Ikú ń jà ní ọ̀tún, ó ń jà ní òsì, ṣùgbọ́n ènìyàn márùn-ún péré ni ó kú nínú ilé náà. Ilé náà ní kànga tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó ń pa ènìyàn, ṣé afẹ́fẹ́ mọ ilé tí ó ní kànga?

Èyí tí ó yà á lẹ́nu jù ni ti ìyá arúgbó kan ní Hampstead. Hampstead jìnnà sí Broad Street, kò sì sí àrùn náà níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, onígbáméjì pa ìyá náà ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án. John Snow wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé ìyá náà ti gbé ní Broad Street rí, ó sì fẹ́ràn omi ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ìgò omi náà wá fún un lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin ẹbí rẹ̀ kan wá kí i láti Islington, ó sì mu nínú omi náà. Nígbà tí ó padà sílé, òun náà kú.

Wọ́n Yọ Apá Pọ́ǹpù

Ní alẹ́ ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, John Snow lọ bá ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso àdúgbò náà. Ó tò gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ síwájú wọn. Ó ní kí wọ́n yọ apá pọ́ǹpù náà, kí ẹnikẹ́ni má lè fa omi rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n yọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, àrùn náà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá kúrò. Nígbà tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀, ènìyàn 616 ni ó ti bá a lọ. John Snow ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò náà. Ó fa ìlà dúdú kékeré sí ojú ilé kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù ẹni tí ó kú. Ẹni tí ó bá wo àwòrán náà yóò rí i pé ìlà náà pọ̀ jù ní àyíká pọ́ǹpù.

Àlùfáà ìjọ kan wà ní àdúgbò náà, Henry Whitehead ni orúkọ rẹ̀. Kò gbà pé omi ni. Ó ní òun yóò fi hàn pé irọ́ ni John Snow ń pa. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé kiri, ó ń bèèrè. Ṣùgbọ́n abèèrè kì í ṣìnà. Bí ó ti ń wádìí sí i ni ó ń rí i pé òtítọ́ ni. Àlùfáà yìí ni ó wá rí orísun rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn ní ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù náà, kí àrùn náà tó bẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà fọ ìlédìí rẹ̀, ó sì da omi rẹ̀ sínú ihò ẹ̀gbin iwájú ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò, wọ́n rí i pé bíríkì ihò náà ti jẹrà. Àárín ihò náà àti kànga kò tó mítà kan. Ẹ̀gbin ń jò wọnú omi!

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọjọ́ tí wọ́n yọ apá pọ́ǹpù náà gan-an ni àrùn mú baba ọmọ náà. Bí wọn kò bá tí ì yọ ọ́ ni, ẹ̀gbin tuntun ìbá tún wọnú kànga, àwọn tí ó ṣẹ́ kù ìbá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ilé Iṣẹ́ Omi Méjì

John Snow kò dúró níbẹ̀. Ní apá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ méjì ni ó ń ta omi fún àwọn ará ìlú nínú páìpù. Ọ̀kan, Southwark and Vauxhall, ń fa omi rẹ̀ níbi tí ẹ̀gbin ìlú ti ń ṣàn sínú odò Thames. Èkejì, Lambeth, ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí òkè odò ní ọdún 1852, níbi tí ẹ̀gbin ìlú kò dé. Ní òpópónà mìíràn, ilé yìí ń mu ti Southwark, ilé kejì rẹ̀ ń mu ti Lambeth. Afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń mí.

John Snow lọ sí ilé àwọn òkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí onílé kò bá mọ ẹni tí ń ta omi fún un, John a bu omi náà, a sì fi oògùn dán an wò. Omi Southwark ní iyọ̀ púpọ̀ ju ti Lambeth lọ, nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń dá wọn mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méje àkọ́kọ́ tí àrùn náà fi jà ní ọdún 1854, ènìyàn 1,263 kú nínú ilé 40,046 tí ń mu omi Southwark. Nínú ilé 26,107 tí ń mu omi Lambeth, ènìyàn 98 ni ó kú. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, nínú ilé 10,000 tí ń mu omi Southwark, ènìyàn 315 ni ó kú; nínú ilé 10,000 tí ń mu ti Lambeth, 37 péré ni.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí yìí, àwọn aláṣẹ ètò ìlera ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1858, bí John Snow ti ń kọ ìwé lọ́wọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ọmọ ọdún 45 ni. Kò gbéyàwó, kò sì bímọ.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1884, dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, fi hàn pé kòkòrò kékeré tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa onígbáméjì. Kòkòrò náà a máa gbé inú omi tí ìgbẹ́ bá ti wọ̀. Gbogbo ayé wá rí i pé òótọ́ ni John Snow sọ. Lónìí, pọ́ǹpù kan tí kò ní apá wà ní òpópónà náà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìrántí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Onígbáméjì wọ Èkó ní ìparí ọdún 1970. Ní ọdún 1991, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, ó tún jà ní Èkó. Ohun tí John Snow rí ní Broad Street ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí ìgbẹ́ bá ti pàdé omi mímu.

Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá yàgbẹ́ àti kí ẹ tó jẹun. Ẹ jẹ́ kí a se omi kànga àti omi odò kí ó hó dáadáa kí a tó mu ún. Ẹ má ṣe yàgbẹ́ sí etí odò. Bí ẹnì kan bá ń yàgbẹ́ gbuuru nílé, ẹ tètè sọ fún àgbà, kí wọ́n fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà mu bí wọ́n ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì ṣe dẹ́kun ìbéèrè. Lónìí, kí ẹ tó lọ sílé, ẹ wo kànga tí ẹ ń mu: báwo ni ó ti jìnnà sí ṣáláńgá tó?

Ìdánrawò

1. Ìlú wo ni a ti bí John Snow, ní ọdún wo sì ni?
2. Kí ni ọ̀pọ̀ dókítà rò pé ó ń fa onígbáméjì ní ayé ìgbà náà?
3. Kí ni ìdí tí àrùn náà kò fi pa òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí?
4. Báwo ni ikú ìyá arúgbó Hampstead ti ran John Snow lọ́wọ́?
5. Kí ni Henry Whitehead fẹ́ fi hàn, kí ni ó sì rí?
6. Kọ ohun mẹ́ta tí ẹ lè ṣe ní ilé ìwé yín kí onígbáméjì má baà wọ ibẹ̀.